Ọmọ Tó Ń Fi Etí Kàwé

Ìlọrin,
Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀.

Rúkáyátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Màlété tí iṣẹ́ tuntun gbé ọ lọ. Mo kí ọkọ rẹ. Mo kí Ìlíásù. Ara Hawáù le níbí lọ́dọ̀ mi. Bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ó jókòó sẹ́yìn ilé, ó ń bó ẹ̀pà, èyí tó ń jẹ sì pọ̀ ju èyí tó ń kó sínú àwo lọ. Ilé mi kò dákẹ́ láti ọjọ́ tí ó ti dé. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn ni o pè mí. O ní ilé-ìwé tuntun tí ẹ fi Hawáù sí dán an wò. Wọ́n gbé ojú-ìwé kan síwájú rẹ̀, kò lè ka ìlà kan já. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. O ní ojú tì ọ́. O ní láíbìrì yunifásítì ni wọ́n gbà ọ́ sí, kí ni àwọn èèyàn yóò wí nípa obìnrin tó ń ṣọ́ ìwé ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí ọmọ rẹ̀ kò lè ka ẹyọ kan? Lẹ́yìn náà o sọ ohun méjì tí o ti pinnu. Ìkíní, pé ẹ ó dá a padà sí kíláàsì kejì, kí ó jókòó ti Ìlíásù àbúrò rẹ̀, kí ojú lè tì í, kí ó sì jí gìrì. Ìkejì, pé kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe wòlímọ̀ ní ilé kéú wa níbí, títí yóò fi lè kàwé. O ní irọ́ ni yóò jẹ́ bí ọmọ tí kò lè kàwé bá dìde níwájú àwùjọ láti ka Àlùkùránì.

Mo dá ọ lóhùn pé, "Mo ti gbọ́." O dúpẹ́, o sì gbé fóònù sílẹ̀.

O rò pé mo fara mọ́ ọn. N kò fara mọ́ ọn. Ìdí tí n kò fi lè sọ ọ́ lórí fóònù ni pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀gbọ́n rẹ, ó kan ìwọ, ó sì kan àṣìṣe tèmi, èyí tí n kò tíì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. O mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí wòlímọ̀ náà tó wáyé, mo sì mọ̀ pé bí n kò bá sọ̀rọ̀ báyìí, ohun tí mo ṣe nígbà náà ni ìwọ náà yóò ṣe. Nítorí náà mo jókòó ti ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan ni n ó kọ irú rẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ọjọ́ kejì tí bàbá rẹ̀ gbé Hawáù wá fún ìsinmi, mo fún un ní oúnjẹ kí n tó fún un ní ìwé. Nígbà tí ó yó, mo mú ìwé kíkà rẹ̀ jáde nínú àpò, mo ní kí ó ka ibi tó bá wù ú. Ó kà á bí ẹni da omi sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn, kò kọsẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mí. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò, n kò wo ẹnu rẹ̀. Orí àwòrán ni ojú náà wà. Kò kan ọ̀rọ̀ kankan.

Mo lọ mú ìwé mìíràn wá, èyí tí kò rí rí.

"Ka èyí."

Ó wò ó. Ó wò mí. "Ìyá Àgbà, ẹ kọ́kọ́ kà á kí n gbọ́."

"Èé ṣe tí èmi yóò fi kọ́kọ́ kà á?"

"Kó lè wọ etí mi ni. Tó bá ti wọ etí mi pẹ́nrẹ́n, mi ò ní gbàgbé ẹ̀ mọ́."

"Bí n kò bá wá kà á ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ràn mi nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín, n kò lè ṣe é kí n má rẹ́rìn-ín. Mo fà á mọ́ra. Mo bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí ó bá wo ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí.

"Mo mọ lẹ́tà ẹ̀, Ìyá Àgbà. Gbogbo wọn ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ìparí ọ̀rọ̀ náà, mo ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Tí mo bá padà síbẹ̀rẹ̀, ìparí á tún lọ. Bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ mẹ́ta tó dọ́jà tó gbàgbé méjì."

"Ta ni o ti sọ èyí fún?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Wọ́n kàn ń ní, 'Kà á.'"

Rúkáyátù, ohun tí ọmọ rẹ ṣe nìyẹn. Ó fi etí gba odidi ìwé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti ṣí ojú-ìwé. Èwo nínú wa ló lè ṣe é?

Ibi tí Gàníyù ẹ̀gbọ́n rẹ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí ni mo kàn.

Bóyá ohun tí ìwọ rántí nípa rẹ̀ kò ju ẹ̀fẹ̀ tí ó fi ọ́ ṣe nígbà Iléyá tó kọjá, nígbà tí o sọ fún wa pé o ti ríṣẹ́. Ó pariwo pé, "Ẹ wò ó o! Pàṣán tí Ìyá fi ń nà mí ló ti dọ̀gá láíbìrì yìí!" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, ìwọ gan-an lo rẹ́rìn-ín jù. Èmi dìde, mo ní mo ń lọ wo ẹran lórí iná. Ẹran náà kò nílò mi.

Ìgbéraga ni mo fi jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Nínú agboolé wa lẹ́yìn Ọjà Tuntun, kò sí obìnrin mìíràn tó ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ nígbà náà. Wọ́n fún mi ní kíláàsì kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ilé kéú. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀: àfáà á kà á, àwọn ọmọ á gbè é, ọmọ tí etí rẹ̀ mú á ti gbà á sórí kí ojú rẹ̀ tó dé orí pátákó wàláà. Etí Gàníyù mú. Nígbà tí ó dé kíláàsì mi, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe. Ó gbọ́ ìwé náà lẹ́nu mi, ó há a sórí, ó sì ń kà á fún mi padà. Mo ń yìn ín. Mo ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Kì í ṣe pé ọmọ náà ń tàn mí. Ó rò pé bí gbogbo ayé ti ń kàwé nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan, alábẹ̀wò wá sí ilé-ìwé wa. Mo fẹ́ ṣe fáárí. Mo pe ọmọ mi síta pé kí ó kàwé fún àlejò. Ó dúró ṣánṣán, ó ka ojú-ìwé kan tán, ó sì ń bá a lọ. Alábẹ̀wò náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Olùkọ́," ó ní, "ọmọ yìí mà kúkú lágbára o. Ó ti ka ìlà mẹ́ta lójú-ìwé tí kò tíì ṣí."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Gàníyù náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí n bi í ní ìbéèrè tí mo bi Hawáù. N kò bi í. Mo ti rí ìdáhùn kí n tó rí ìbéèrè: ọ̀lẹ ni, alárèékérekè ni, ó fẹ́ dójú tì mí. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìgbà tí a bá kírun Àlásárì tán, mo ń gbé àga méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gàníyù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó sórí ọ̀kan. Ìwọ, ọmọ ọdún mẹ́fà, jókòó sórí èkejì. Ìwọ tètè mọ̀wé kà; kò sí ẹni tó mọ bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ti kọsẹ̀, n ó ní, "Rúkáyátù, kà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ." O ó sì kà á. Àwọn obìnrin agboolé á máa wò wá. Ìyàwó àbúrò bàbá yín á ní, "Gàníyù, àbúrò ẹ mà ti fi ọ́ sílẹ̀ lọ o! Ó kù díẹ̀ kóo máa kúnlẹ̀ kí i."

Mo rò pé ìtìjú yóò là á lójú. Ìtìjú kò kọ́ ọmọ ní ohunkóhun bí kò ṣe bí a ti ń sá pamọ́. Kò pẹ́ tí ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí ẹ̀gà fi dákẹ́ nínú ilé. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé inú ń run òun bí àkókò ilé kéú bá tó, ilé kéú tí ó jẹ́ pé òun ni ohùn rẹ̀ ń ròkè jù níbẹ̀. Ohun tí kò ní ni mo fẹ́ fún un. Ohun tó ní ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì, Àbẹ̀kẹ́, nítorí ohun kan náà ni ìwọ fẹ́ ṣe pẹ̀lú wòlímọ̀ Hawáù.

Obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé-ìwé wa ló là mí lójú. Ìyá Dérìn ni a ń pè é. Ó bá mi ní yàrá àwọn olùkọ́, kò yí ọ̀rọ̀ po.

"Múínátù, bí ọmọ ẹ bá ń tiro, ṣé wàá ní kí àbúrò ẹ̀ máa sáré kọjá níwájú ẹ̀ lójoojúmọ́ ni?"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo fa ọmọ náà lọ́wọ́, mo mú un lọ bá a.

Ọdún mẹ́ta ni ó gbà. Gàníyù pé ọmọ ọdún méjìlá kí ó tó ka odidi ojú-ìwé tí kò gbọ́ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó kà á tán, ó gbé ìwé náà sílẹ̀, ó lọ gbá bọ́ọ̀lù. Èmi ni mo gbé ìwé náà, mo tún ojú-ìwé yẹn kà. Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí a bá jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀.

N kò sọ èyí kí o lè rò pé àrà kan farapamọ́ sínú gbogbo ọmọ tí ìwé kíkà bá nira fún. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò di àrà. Ó ń wọn ilẹ̀, ó ń bọ́ ìdílé rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Títí di òní, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ka lẹ́tà kí ó tó yé e, bí ó bá sì gùn, a ní kí ọmọ rẹ̀ kà á sókè fún òun. Kì í fi pamọ́. Ìyẹn tó fún mi.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Kò pọ̀.

Èkíní. Má ṣe pè é ní ọ̀lẹ mọ́, má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn pè é bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ. Ọ̀lẹ kì í há ìwé sórí. Ìlọ́po mẹ́ta iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ni òun ń ṣe kí àṣírí rẹ̀ má bàa tú, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Bí o bá rí i tí ó ń ṣe àwàdà nígbà tí àkókò ìwé bá tó, tàbí tí òùngbẹ ṣàdédé ń gbẹ ẹ́, tàbí tí pẹ́ńsù sọnù lójoojúmọ́, mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á.

Èkejì. Má ṣe mú un jókòó ti Ìlíásù. Bí ẹ bá gbé e sí kíláàsì kejì, kì í ṣe ìwé ni yóò kọ́ níbẹ̀. Ohun tí yóò kọ́ ni pé àbúrò òun sàn ju òun lọ. Ìlíásù náà yóò kọ́ nǹkan kan níbẹ̀ tí n kò fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi kọ́. Lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Má lọ bá a jà, má sì lọ bẹ̀ ẹ́ bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Sọ fún un pé ọmọ yìí lóye ohun tó bá gbọ́, kí ó máa fi ẹnu bi í ní ìbéèrè, kí ó sì jẹ́ kí ó fi ẹnu dáhùn. Sọ fún un pé kí ó má ṣe pè é síta láti ka ohun tí kò tíì gbìyànjú rẹ̀ wò níkọ̀kọ̀. Olùkọ́ rere yóò gbà. Bí kò bá gbà, padà lọ.

Ẹ̀kẹta. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, o wà láàárín àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ bí ọmọ ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́. Kan ilẹ̀kùn wọn, kí o béèrè. Àwọn òyìnbó ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. N kò ní kọ orúkọ náà síbí, nítorí orúkọ kò kọ́ ọmọ níwèé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè é sí ọ létí, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kì í ṣe àrùn. Kì í ṣe àìlọ́gbọ́n. Ọ̀nà tí àwa yòókù gbà dé ìdí ìwé ni kò là fún un. Ẹ óò la òmíràn. Bí ìyá ọkọ rẹ bá sì ní aráyé ló wà nídìí rẹ̀, kúnlẹ̀ fún un, kí i dáadáa, kí o sì máa bá ọ̀nà ilé-ìwé rẹ lọ.

Ẹ̀kẹrin. Ohun tí Ìyá Dérìn ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ ni kí ìwọ náà ṣe. Má jẹ́ kí ó ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ní ọjọ́ kan, kí o sì dúró nígbà tí ó ṣì ń wù ú. Yorùbá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ná. Ohun tí a ń pè náà ni a ń kọ nínú èdè wa, kò ní dà á láàmú. Kí ó pàtẹ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ kí ó tó wò ó: bà-tà, pàtẹ́wọ́ méjì, a-go-go, pàtẹ́wọ́ mẹ́ta. Da yẹ̀pẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ó máa fi ìka kọ lẹ́tà síbẹ̀, kí ó máa pè é bí ó ti ń kọ ọ́. Gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, fi bo ìlà tó wà nísàlẹ̀, kí ojú rẹ̀ má bàa máa fò. Kà á fún un. Ẹ jọ kà á. Lẹ́yìn náà kí ó dá a kà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìgbà mìíràn yóò wà tí ohun tí ó mọ̀ lánàá yóò ti fò lọ lónìí. Gàníyù ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú mi. Kì í ṣe orí kunkun.

Má sì pa etí rẹ̀. Mo gbọ́ pé o ti kọ̀ láti máa ka ìtàn fún un, pé kí ó kà á fúnra rẹ̀. Rúkáyátù, gbogbo láíbìrì ló wà lọ́wọ́ rẹ. Ka ìwé tó ju agbára ojú rẹ̀ lọ sí i létí. Orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa dúró de ojú rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ wòlímọ̀.

O ní irọ́ ni. Mo rò ó fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì rí i pé apá kan ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. Bí wọ́n bá gbé wàláà lé e lọ́wọ́ tí ó ń tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń kà, irọ́ ni. Nítorí náà ní Àlàrùbá, lẹ́yìn ìrun Àìlà, mo fà á lọ́wọ́, mo mú un lọ bá Àfáà.

"Àfáà, Hawáù kò lè ka wàláà rẹ̀."

"Hawáù kẹ̀? Àlájà, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín! Òun mà ló ń ṣíwájú àwọn yòókù."

"Orí ló ń fi ṣe é. Ẹ dán an wò."

Àfáà ṣí Àlùkùránì, ó fi ìka kan ọ̀rọ̀ kan láàárín súrà. Hawáù kò pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ súrà náà, ó ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n, ó ń fi ìka rẹ̀ ka iye ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ibẹ̀. Ó wá gbé orí sókè, ó sì pè é.

Àfáà bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi í lé orúnkún.

"Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kọ́ ọmọ yìí," ó ní. "Ojú èmi gan-an ló yẹ kó rí i. Àlájà, ẹni tó há a sórí ti há a sórí, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Á dìde láìgbé wàláà dání. Èmi fúnra mi ni n ó sọ fún àwùjọ pé orí ló fẹ́ fi kà á. Tí a bá ṣe wòlímọ̀ tán, èmi àti ẹ̀ ó padà sídìí lẹ́tà, kò sígbà tó pẹ́ jù."

Bí a ti darí dé ẹnu ọ̀nà ilé, Hawáù fà mí láṣọ.

"Ìyá Àgbà, ṣé lóòótọ́ ni pé wọn ò ní gbé wàláà lé mi lọ́wọ́?"

"Wọn kò ní gbé e lé ọ lọ́wọ́."

"Ṣé kò sẹ́ni tó máa ní kí n fọwọ́ tọ́ka síbi tí mo kà dé?"

"Kò sí ẹni tí yóò sọ bẹ́ẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Àṣé ọmọ yìí ti ń bẹ̀rù ọjọ́ náà láti ìgbà tí wọ́n ti rán aṣọ rẹ̀, kò sì sọ fún wa. "Ó dáa," ó ní. "Kí Màámi sáà jókòó níwájú níbi tí mo ti máa rí wọn. Ṣé wọ́n á jókòó níwájú?"

N kò dá a lóhùn. N kò sọ fún Àfáà pé o ti gbà, n kò sì sọ fún ọmọ náà pé o kọ̀. Ìwọ ni o bí i. Lọ́dọ̀ rẹ ni ìdáhùn wà. Ṣùgbọ́n kí o tó fún mi ní ìdáhùn náà, ohun kan ṣẹ́ kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Òun gan-an ni mo ti ń yí po láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí.

Ní ọ̀sán kan, lórí àga méjì yẹn, Gàníyù dé ibi ọ̀rọ̀ kan, ó dúró. Mo ní, "Rúkáyátù, kà á fún ẹ̀gbọ́n rẹ." O wo ìwé. O wo ẹ̀gbọ́n rẹ. O ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n, Ìyá." Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n, o ti kà á fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo tún ní kí o kà á. O tún ní o kò mọ̀ ọ́n. Mo gbá ọ létí. O sunkún, ṣùgbọ́n o kò kà á. Níbi tí o ti ń sunkún lọ́wọ́ ni Gàníyù fi ìka sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó pe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó pe àárín rẹ̀, ó pẹ́ gan-an, ó sì kà á. Mo kó ìwé nílẹ̀. N kò yin ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì.

Mo fi ọ́ ṣe pàṣán, ìwọ kọ̀ láti jẹ́ pàṣán, mo sì lù ọ́ nítorí rẹ̀. Foríjì mí.

Èmi tí mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kò mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe fún ọmọ náà. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́, o sì mọ bí a ti ń dúró de ènìyàn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Múínátù.